Eyín Tó Dákẹ́

Ọjọ́ kẹfà tí eyín náà ti dákẹ́ ni ọrùn Rọ̀kíbátù wú.

Mùlíkátù, ìyálé rẹ̀, ló kọ́kọ́ gbọ́. Wọn kò tíì pe ìrun àsùbáà. Ó jókòó lórí ẹní, ó ń fọwọ́ wá ìborùn rẹ̀, ló bá gbọ́ èémí kan láti òdì kejì ògiri, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fi ẹnu fa omi tó kù nísàlẹ̀ ìkòkò. Ó fetí sílẹ̀. Èémí náà dúró. Ó pẹ́ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mùlíkátù gbàgbé ìborùn. Ó tan fìtílà, ó sì wọ yàrá kejì láìdúró kan ilẹ̀kùn.

Rọ̀kíbátù fẹ̀yìn ti ògiri, ó la ẹnu sílẹ̀, itọ́ ń ṣàn láti ètè rẹ̀ bọ́ sórí ìró. Fọlákẹ́, ọmọ rẹ̀ olóṣù mẹ́jọ, ti sùn lọ lórí itan rẹ̀. Nígbà tí Mùlíkátù gbé fìtílà sókè, kò rí àgbọ̀n mọ́, kò sì rí ọrùn. Láti etí ọ̀tún dé etí òsì, gbogbo abẹ́ àgbọ̀n ti wú débi pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àyà dọ́gba. Ó fọwọ́ kàn án. Ó le bí pákó, ó sì gbóná janjan.

"Ìyálé mi," ni Rọ̀kíbátù wí. Ọ̀rọ̀ náà jáde bí ẹni pé iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. "Mi ò lè gbé itọ́ mì."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti àárín òru ni. Mo rò pé á rọlẹ̀ ni."

"Eyín yẹn ńkọ́? Ṣé ó tún ti bẹ̀rẹ̀?"

Rọ̀kíbátù mi orí. Kò dùn ún. Kò dùn ún rárá. Ohun tó ba Mùlíkátù lẹ́rù jù nìyẹn.

Ta ni kò mọ̀ nípa eyín Rọ̀kíbátù nínú agboolé náà? Eyín ńlá ẹ̀yìn ni, nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ihò sì ti wà nínú rẹ̀ láti ìgbà oyún Fọlákẹ́. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló bínú. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni Rọ̀kíbátù fi ń forí gbá ògiri, tó ń rìn yí àgbàlá ká tọ̀sán tòru, tí ẹnikẹ́ni kò fojú kan oorun. Wọ́n fún un ní kànáfùrù, kò gbọ́. Wọ́n fún un ní tábà, kò gbọ́. Mùlíkátù ló lọ bẹ ọdẹ kan fún ẹ̀tù ìbọn díẹ̀, ó fi òwú dì í sínú ihò náà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ìrora dá wáí, bí ìgbà tí wọ́n bá fi ọ̀bẹ gé e. Rọ̀kíbátù kúnlẹ̀ dúpẹ́ lójú gbogbo obìnrin ilé. Àwọn ará àdúgbò ń wá tọrọ oògùn náà, Mùlíkátù sì ń fún wọn, inú rẹ̀ ń dùn.

Kí oòrùn tó yọ dáadáa, Màmá ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Fàlílátù lorúkọ rẹ̀, òun ló bí Sàlísù ọkọ wọn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe orúkọ náà kẹ́yìn. Ó fi orí ọ̀pá rẹ̀ gbé aṣọ ẹnu ọ̀nà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wo ọrùn Rọ̀kíbátù títí. Kò pariwo.

"Kí ló jẹ lálẹ́ àná?"

"Ìkọ́kọrẹ́ ni, Màmá."

"Ta ló sè é?"

"Èmi ni. Gbogbo wa la jẹ ẹ́."

"Nínú ìkòkò kan náà?"

Kì í ṣe nínú ìkòkò kan náà. Nítorí pé Rọ̀kíbátù kì í lè la ẹnu dáadáa mọ́, Mùlíkátù ti ya tirẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ìkòkò kékeré. Ó ṣa egungun ẹja kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ọwọ́ rún un kúnná, ó sì bu omi sí i kó lè rọ̀. Iṣẹ́ náà gbà á lákòókò ju oúnjẹ gbogbo ilé lọ.

"Mo ya tirẹ̀ sọ́tọ̀, Màmá, nítorí ẹnu rẹ̀."

"O ya tirẹ̀ sọ́tọ̀." Màmá jẹ́ kí aṣọ náà padà sí àyè rẹ̀. Láti ẹ̀yìn aṣọ ni ohùn rẹ̀ ti wá. "Ẹ̀tù tó wà lẹ́nu rẹ̀ ńkọ́? Ta ló fi síbẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, Màmá. Ẹ ní kí n ṣe é."

"Mo ní kí o fi oògùn eyín sí i. Èmi ò mọ ohun tí o pò mọ́ ọn."

Sàlísù wọlé láti mọ́ṣáláṣí, tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Apẹja ni, ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀ lórí ọkọ̀ nígbà tí ọ̀sà bá ru. Àmọ́ láàárín àgbàlá òun fúnra rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ dúró lápá kan, tí ìyàwó rẹ̀ dúró lápá kejì, ńṣe ló ń wo ilẹ̀ bíi pé nǹkan rẹ̀ sọnù síbẹ̀.

"Bàbá Mùsílímátù," ni Mùlíkátù wí, ó fi orúkọ àkọ́bí wọn pè é, "ẹ bá wọn sọ̀rọ̀."

Sàlísù wo inú yàrá, ó tètè gbójú kúrò. "Ẹ jẹ́ ká dúró de Àjàlá ná," ló sọ. "Wọ́n ní ó ń bọ̀ láàárọ̀ yìí." Ó gbé àwọ̀n kan tó ti ya, ó lọ jókòó ti ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di í.

Mùlíkátù po ògì fún gbogbo ilé. Ó dín ọ̀jọ̀jọ̀ sí i. Ó kó wọn sí àárín àgbàlá bó ṣe máa ń ṣe, ó sì padà sídìí ààrò. Bó ti ń fẹ́ iná, ó ń gbọ́ èémí náà. Bó ti ń fọ abọ́, ó ń gbọ́ ọ. Ó lọ dé ẹ̀yìn ilé níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja, níbi tí kò yẹ kí ohùn láti inú yàrá yẹn lè dé, síbẹ̀ ó ń gbọ́ ọ: ó á fà á, á dúró, á tún fà á. Nígbà tó padà dé, ògì ti di, èèpo ti yọ lójú rẹ̀. Ọ̀jọ̀jọ̀ pé bó ṣe kà á sórí àwo.

Wòsílátù, aládùúgbò wọn tó ń ta aṣọ, ti wá kí aláìsàn pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin kékeré. Ọmọ náà na ọwọ́ sí ọ̀jọ̀jọ̀ kan. Wòsílátù gbá ọwọ́ náà kúrò, ó sì rẹ́rìn-ín sí Mùlíkátù.

"Ó ti jẹun nílé ni," ló sọ.

Láti ọdún tí wọ́n ti jọ ń gbé, ọmọ Wòsílátù kò tíì jẹun nílé kó má wá jẹ ọ̀jọ̀jọ̀ Mùlíkátù.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án, obìnrin mẹ́fà ló wà lójúde. Wọn kò sọ̀rọ̀ sókè. Wọ́n ń sọ ọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ níbi tí òkú wà.

"Ọrùn kì í dédé wú báyẹn."

"Ẹ sì sọ pé eyín ni."

"Eyín wo? Eyín tí kò dùn ún mọ́? Ìgbà tó ń dùn ún, kò pa á. Ìgbà tó san tán ló wá fẹ́ pa á?"

"Ẹ má sọ̀rọ̀ ikú, ẹ jọ̀ọ́."

"Sèlíátù náà ṣe bẹ́ẹ̀ tọ́jú ìyàwó rẹ̀. Òun ló ń se omi fún un."

Orúkọ tí wọ́n dá yẹn tó.

Mùlíkátù dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Gbogbo àdúgbò ló mọ Sèlíátù. Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ lé e kú sórí ìkúnlẹ̀, wọ́n sì ní ọwọ́ Sèlíátù ni. Ẹnikẹ́ni kò rí nǹkan kan, ẹnikẹ́ni kò sì wádìí nǹkan kan. Wọ́n kàn kó ẹrù rẹ̀ síta ni. Ó ń gbé inú ahéré kan létí ọ̀sà báyìí, ó ń yan ẹja tí ará àdúgbò kò jẹ́ rà, àfi àwọn àlejò tó bá ọkọ̀ wá láti Ìbẹ̀ṣẹ̀ tàbí Ìkòròdú tí wọn kò mọ ẹni tó jẹ́.

Ohun mìíràn tún wà tí Mùlíkátù kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Rọ̀kíbátù wá, tí orin gba gbogbo ilé kan, òun jókòó sẹ́yìn ilé ìdáná, ó sì sọ gbólóhùn burúkú kan sí ìyàwó tuntun náà nínú ọkàn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ó tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run kí ilẹ̀ tó mọ́. Lẹ́yìn náà ó wá fẹ́ràn ọmọ náà, nítorí pé Rọ̀kíbátù jẹ́ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, tí kì í jí láìkí i. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, gbólóhùn yẹn ti dìde. Ó ń rìn káàkiri inú ilé. Bí àwọn obìnrin ojúde bá bojú wo inú ilé ìdáná, a máa ṣe Mùlíkátù bíi pé òun gan-an ni wọ́n ń wò.

Àjàlá dé lórí kẹ̀kẹ́, àpò awọ kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní dókítà ní gbogbo ọjà tó ń ná, láti Ẹ̀pẹ́ dé Ẹ̀jìnrìn. Kò kọ́ iṣẹ́ ìwòsàn níbì kankan, ìgò oògùn àti abẹ́rẹ́ kan náà ló fi ń tọ́jú ibà, jẹ̀díjẹ̀dí àti ẹsẹ̀ dídùn. Kò la ẹnu Rọ̀kíbátù wò. Ó fọwọ́ tẹ ọrùn rẹ̀, Rọ̀kíbátù sì mì bí ewé. Ó fa nǹkan funfun kan láti inú ìgò, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó gún un ní ìdí.

"Kí wọ́n tó kí àyìlá lọ́sàn-án yìí, ó ti máa rọlẹ̀," ló sọ.

Nígbà tó ń di àpò rẹ̀, ó tẹ̀ sétí Màmá. Mùlíkátù wà nítòsí, ó sì gbọ́. "Èmi ti ṣe tèmi. Àmọ́ ẹ wo inú ilé yín o. Èyí kì í ṣe àìsàn abẹ́rẹ́ lásán."

Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Wọ́n kí àyìlá. Kò rọlẹ̀. Ó ti lọ sí àyà báyìí, ó pọ́n. Ètè Rọ̀kíbátù ti ń dúdú. Wọ́n gbìyànjú láti tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó lè sùn, bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe kan ẹní ni èémí náà dá dúró pátápátá, ó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì já aṣọ Mùlíkátù. Mùlíkátù fà á dìde jókòó. Èémí náà padà, ó ń han bí ilẹ̀kùn tí kò ní òróró. Ojú Rọ̀kíbátù là, ó dúró sójú Mùlíkátù, kò kúrò níbẹ̀.

Mùlíkátù jáde síta.

"Mo fẹ́ gbé e lọ sí ilé egbòogi ìjọba lókè."

"Ìwọ?" ni Màmá wí. Ó gbé Fọlákẹ́ mọ́ra, ọmọ náà ń ké fún ọmú láti àárọ̀. "Ìwọ ló fẹ́ gbé e jáde nínú ilé yìí? Kó lè kú lójú ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má rí ojú rẹ̀?"

"Màmá, ẹ wọlé kí ẹ lọ wò ó. Kò lè mí."

"Mo ti wò ó. Ọmọ mi ti ní kí wọ́n dúró."

"A ti dúró! Láti àárọ̀ la ti ń dúró!" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Mùlíkátù gbé ohùn sókè sí ìyá ọkọ rẹ̀. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Mùsílímátù, ẹ dìde, ẹ bá mi gbé e."

Ọwọ́ Sàlísù dúró lórí àwọ̀n. Ó wo ìyá rẹ̀. Ó pẹ́ tó fi wò ó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó tún okùn fà.

Mùlíkátù wo àwọn obìnrin. "Wòsílátù, dákun."

"Ẹ̀yìn ń ro mí láti ìjẹta," ni Wòsílátù wí. Òmíràn rántí ohun tó gbé kaná. Òmíràn kàn ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ọ̀nà tó lọ sí etí ọ̀sà kò jìnnà. Mùlíkátù ti mọ ibi tí òun ń lọ kó tó gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Ó dé ahéré náà, ó bá Sèlíátù tó ń to ẹja sórí irin tó fi ń yan án, èéfín bo ojú rẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí Mùlíkátù máa ń gba ibẹ̀ kọjá láìkí i.

"Mi ò rẹ́ni bá mi gbé e," ló sọ. Kò rí nǹkan mìíràn sọ.

Sèlíátù wò ó. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró. "Ṣé wọ́n ti rí ọ tí o ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi?"

"Wọ́n rí mi."

"Ọmọlanke kan wà lẹ́yìn ilé. Di ọ̀kan mú nínú igi ọwọ́ rẹ̀."

Àwọn méjèèjì ló ti ọmọlanke náà gba àárín ojúde wọlé, àwọn méjèèjì ló gbé Rọ̀kíbátù sínú rẹ̀, wọ́n fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn kó lè jókòó. Ẹnikẹ́ni kò dá wọn dúró. Èyí tó burú níbẹ̀ nìyẹn: wọ́n kàn yà fún wọn bí ìgbà tí wọ́n bá ń yà fún ohun tí kò yẹ kó fara kan ènìyàn. Màmá ló sọ̀rọ̀, ó rọra sọ ọ́, kò bínú.

"Ẹ wò wọ́n. Àwọn méjì."

Òkè tó lọ sí ilé egbòogi ga, oòrùn sì mú. Sèlíátù ń fà níwájú, Mùlíkátù ń tì lẹ́yìn, ó sì fi èjìká gbé orí Rọ̀kíbátù dúró. Òórùn kan ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Obìnrin tó ń yan ẹja kì í ṣi òórùn yẹn mọ̀: òórùn ẹja tó dára lójú, tó ti bàjẹ́ nínú.

Dìsípẹ́ńsà tó ń pín oògùn níbẹ̀, ọkùnrin kúkúrú kan láti òkè Rẹ́mọ, Ọláṣẹ́gun lorúkọ rẹ̀. Ó wo ọrùn náà ẹ̀ẹ̀kan, ó fo dìde. Ó fi irin pẹlẹbẹ kan ya ètè Rọ̀kíbátù, ó fi iná wo inú ẹnu rẹ̀.

"Eyín rẹ̀ dùn ún rí?"

"Ó dùn ún fún ọ̀sẹ̀ kan."

"Ó wá dákẹ́?"

"Ó dákẹ́. Èmi ni mo fi ẹ̀tù sí i." Ó sọ ọ́ kíákíá, kí ẹ̀rù má baà dá a dúró. "Ṣé òun ló ṣe é?"

Ọláṣẹ́gun ti ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Ó ń sọ̀rọ̀ bó ti ń ṣiṣẹ́, kò sì wojú rẹ̀. "Ẹ̀tù kò ṣe é, ẹ̀tù kò sì wò ó sàn. Ẹ gbọ́, ìyá. Inú eyín kò dí. Ihò tóóró kan wà tó gba àárín gbòǹgbò rẹ̀ kọjá dé ìsàlẹ̀, iṣan àti ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Kòkòrò ló gba ojú eyín tó lu wọ ibẹ̀. Kì í ṣe kòkòrò tí wọ́n máa ń fi èéfín lé o, èyí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i. Nígbà tí wọ́n wọbẹ̀, ara gbógun tì wọ́n, inú eyín sì wú. Àmọ́ ibi tó le bí òkúta, ibo ló máa wú sí? Ìdí tó fi ń forí gbá ògiri nìyẹn."

"Ó wá dákẹ́."

"Iṣan ló kú. Ìyẹn ló fi dákẹ́. Àwọn kòkòrò yẹn kò kú. Wọ́n ráyè ni. Wọ́n gba ihò tóóró yẹn lọ dé ìdí gbòǹgbò, wọ́n wọ egungun àgbọ̀n, wọ́n ń di ọyún níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí ẹ ń dúpẹ́." Ó gún Rọ̀kíbátù ní abẹ́rẹ́. "Ó ti bọ́ sábẹ́ ahọ́n báyìí. Ó ń ti ahọ́n sẹ́yìn. Tó bá dí ọ̀nà ọ̀fun tán, ó parí nìyẹn."

"Ẹ bá wa gbà á là, ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò lè gé ọrùn, ìyá. Wọn ò kọ́ mi." Ó ń kọ̀wé tìbínú-tìbínú, àmọ́ kì í ṣe Mùlíkátù ló ń bínú sí. "Ìlú tó tó báyìí, kò sí ẹnìkan tó mọ̀ nípa eyín. Mo ti kọ̀wé sí ìjọba lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èyí ni ẹlẹ́ẹ̀kẹrin tí mo máa rí láti ọdún tí mo ti dé. Dókítà kan wà ní Ìkòròdú lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ fún un ní lẹ́tà yìí. Ẹ má jẹ́ kó dùbúlẹ̀ lójú ọ̀nà. Bó ti wù kó rí, ẹ má jẹ́ kó dùbúlẹ̀."

Mùlíkátù fẹ́ bi í léèrè pé àwọn mẹ́ta ìyókù ńkọ́. Kò bi í.

Lọ́rì dírẹ́bà kan tó ń jẹ́ Bàdírù ló kù ní ibùdókọ̀, ẹja yíyan ló kó, ó ń gba Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ìkòròdú. Nígbà tó rí Rọ̀kíbátù, ó lé èrò tó wà níwájú bọ́ sílẹ̀, Sèlíátù sì gun ẹ̀yìn sáàárín ẹja. Wọ́n ti fẹ́ lọ nígbà tí Sàlísù sáré dé. Ó mú ìró Rọ̀kíbátù kan lọ́wọ́, ó ká a pọ̀. Ó ti ìró náà bọ ojú fèrèsé. Ó fọwọ́ kan orí Rọ̀kíbátù.

"Ẹ wọlé," ni Mùlíkátù wí. "Ààyè wà lẹ́yìn."

"Màmá ní kí n má..." Kò parí rẹ̀. Omi wà lójú rẹ̀. "Ọlọ́run á ṣọ́ yín."

Bàdírù wo ọkùnrin náà, ó wo ọ̀nà, ó sì tẹ ọkọ̀.

Mùlíkátù gbé Rọ̀kíbátù sáàárín itan rẹ̀, ó fi àyà ara rẹ̀ ṣe ẹ̀yìn àga fún un, ó fi ọwọ́ méjèèjì di iwájú orí rẹ̀ mú. Èémí náà wà létí rẹ̀ gan-an báyìí. Gbogbo ọ̀nà náà, igbó ń kọjá, abúlé ń kọjá, òun kò rí ọ̀kan. Nígbà tí èémí bá dúró, òun náà á dá èémí tirẹ̀ dúró. Nígbà tó bá padà, òun náà á mí. Lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Òde, ó dúró pẹ́. Mùlíkátù gbọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ sókè, "Mi ò sọ ọ́ mọ́. Mi ò sọ ọ́ mọ́." Bàdírù rò pé òun ló ń bá wí. "Kí lẹ wí, ìyá?" Èémí náà padà.

Wọ́n dé Ìkòròdú nígbà tí wọ́n ń kí ìrun àlàásárì lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Dókítà ka lẹ́tà náà lórí ìdúró. Wọ́n gbé Rọ̀kíbátù jókòó sórí àga kan, nọ́ọ̀sì di ọwọ́ rẹ̀, Mùlíkátù di orí rẹ̀. Wọ́n gún ọrùn náà ní oògùn tó ń pa ìrora. Dókítà gé abẹ́ àgbọ̀n lápá ọ̀tún, ó gé e lápá òsì, ó ki irin wọlé, ó ń wá a. Nǹkan kò kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà, omi dúdú kan tó pò mọ́ ọyún tú sínú abọ́, òórùn náà sì gba gbogbo yàrá débi tí nọ́ọ̀sì fi yíjú. Mùlíkátù kò yíjú. Ó ń gbọ́ ohun kan: èémí náà gùn. Ó gùn sí i. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀, ó wọlé, ó jáde, kò dúró láàárín.

Nígbà tí àgbọ̀n rọ̀ díẹ̀, dókítà yọ eyín náà. Ó gbé e síwájú fìtílà. Ẹ̀tù ṣì dúdú nínú ihò òkè rẹ̀. Nísàlẹ̀, ní ṣóńṣó gbòǹgbò kan, àpò kékeré kan rọ̀ mọ́ ọn, kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ.

"Ibí ló ti ń ṣiṣẹ́," ni nọ́ọ̀sì túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì dókítà fún un.

Mùlíkátù wò ó. Nǹkan bí ẹ̀wà. Òun ni gbogbo àdúgbò ń pè ní ọwọ́ rẹ̀.

Ó sun orí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn náà, Sèlíátù sun lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọrùn Rọ̀kíbátù ti fà díẹ̀, rọ́bà kékeré kan wà nínú ojú ọgbẹ́ níhà méjèèjì, aṣọ funfun bò ó. Ibà ti ń lọ. Dókítà ní ó máa yè. Kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń mí, ojú rẹ̀ sì mọ́. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n fún un ní ògì tó ṣàn. Mùlíkátù lọ ra ògì lọ́wọ́ obìnrin kan lójú pópó, ó bu ṣúgà sí i, ó ń fẹ́ ẹ kó tutù bó ti ń bọ̀.

Bàdírù ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn nígbà tó wọlé. Òun náà sun Ìkòròdú mọ́jú, ó sì bá dírẹ́bà kan pàdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ẹ̀pẹ́ dé, tí wọ́n fi iṣẹ́ rán sí i. Inú rẹ̀ dùn láti rí aláìsàn láàyè. Ó jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán an, kò fi ohunkóhun bò.

"Ọkọ yín kí yín. Ó ní tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, òun ń bọ̀. Ọmọ ti jẹun, wọ́n ní kí ẹ má ronú. Màmá náà kí yín." Ó rántí èyí tó kù. "Wọ́n ní kí aláìsàn má jẹ ohunkóhun o, àfi èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì bá fi ọwọ́ ara wọn gbé fún un."

Ó dágbére, ó lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀.

Mùlíkátù jókòó sí etí ibùsùn. Ó bu ṣíbí kan, ó gbé e sún mọ́ ẹnu Rọ̀kíbátù.

Rọ̀kíbátù wo ṣíbí náà. Ó wo Mùlíkátù. Ètè rẹ̀ pàdé.

Ṣíbí náà dúró níbẹ̀. Sèlíátù tó wà lẹ́nu ọ̀nà rí i, ó yí ojú sí ìta.

Mùlíkátù gbé ṣíbí náà padà sí ẹnu ara rẹ̀. Ó mu ún, ó gbé e mì, ó la ẹnu rẹ̀ kí Rọ̀kíbátù lè rí i. Ó bu òmíràn. Ojú Rọ̀kíbátù kún fún omi, ó sì ṣí ẹnu rẹ̀ díẹ̀, bó ṣe mọ. Mùlíkátù bẹ̀rẹ̀ sí í fún un. Ìkọ̀ọ̀kan tó bá bù, ó ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kó tó gbé e sí i lẹ́nu, títí abọ́ náà fi gbẹ.